Okùn Tí Mitwálí Tẹ́ Sójú Ọ̀nà

Mitwálí Tarábílì ni ọkùnrin tó fi okùn ọkọ̀ ojú omi dá ọkọ̀ ilẹ̀ lẹ́kun eré ní àdúgbò wa. Ráyìs là ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ apẹja létí omi Dùmíátì, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ó ga, ó gbẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pátákó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá bi í láàárọ̀ pé ṣé ẹja wà lójú omi, ó lè di ọ̀sán kó tó ní, "Ó wà."

Ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Káfíńtà ọkọ̀ ojú omi ni mí. Ọ̀nà tó wà láàárín wa kò fẹ̀. Bí ìyàwó mi bá ń din ẹja, ìyàwó rẹ̀ á ti ẹnu ọ̀nà tiwọn sọ fún un pé epo ti gbóná jù.

Inṣirá ni orúkọ ìyàwó yìí. Ìyá Máhárúsì là ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ń bá àwọn ará Gíríìsì pẹja títí dòní. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fọ́ pátápátá. Dókítà ní ọwọ́ òun ò ká a mọ́. Ó padà wálé, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ.

Ìta yẹn dùn nígbà náà. Bí a bá ti kírun Alásàrí tán, oòrùn á ti bọ́ sẹ́yìn ilé, òjìji á bo ọ̀nà láti ògiri dé ògiri. Gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí. Àwọn obìnrin á gbé ìrẹsì síta, wọ́n á máa ṣa òkúta inú rẹ̀. Àwa ọkùnrin á máa mu tíì. Àwọn ọmọdé á fi àpótí ẹja ṣe gòólù. Kò sí ilé tó ní àgbàlá ní àdúgbò wa. Ìta ni àgbàlá. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ kọjá, awakọ̀ á dúró, á kí wa, a ó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gbé àpótí wa kúrò. Wọ́n lè fún òun náà ní tíì. Mo mọ awakọ̀ kan tó jókòó tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹja tó rù bàjẹ́. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ọdún tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ ìlú wa ni nǹkan yí padà. Ọmọ kéékèèké ló ń wà á. Orin á máa ké nínú rẹ̀, wọn kò sì ka ẹni tó jókòó síta sí. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rí wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Inṣirá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde láti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyàwó mi ni. Ọkọ̀ kan tó ru àpótí òfìfo kọjá, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ àdúgbò la ti rí i, ó ti là sí méjì.

Inṣirá kò mọ̀. Ó fẹ́ padà jókòó, ó nawọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Ó ní, "Ta ló gbé àpótí mi?"



Mitwálí wà nílé. Ó wo igi tó là, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ sí èbúté. Kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gbé e padà. Okùn kan wà nínú rẹ̀, ó ki tó itan mi, ọ̀dà ti sọ ọ́ di dúdú. Irú èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ńlá nígbà tí òkun bá ń bínú ni.

Mo ní, "Ráyìs, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn so?"

Ó ní, "Ọ̀nà."

Ó kan òrùka irin mọ́ ìdí ògiri rẹ̀, ó kan òmíràn mọ́ tèmi, ó ta okùn kọjá láàárín wọn. Kókó tó ta sí i kò ní já láéláé. Ṣùgbọ́n ó dẹ okùn náà. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá so ọkọ̀ ojú omi le koko ló fẹ́ kó ya, nítorí omi ń kún, omi ń fà. Mo rí i pé okùn náà dẹ̀. N kò sọ nǹkan kan, nítorí ráyìs ni.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kọ́kọ́ dé gun orí rẹ̀. Okùn sáré tẹ̀ lé e, ó lọ́ mọ́ ọn nídìí, kẹ̀kẹ́ náà yí lọ, ó yí bọ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi bí ewúrẹ́ tó ti fi okùn de ara rẹ̀ mọ́ èèkàn. Ọmọ tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

Badáwí tó ń fi ọkọ̀ kó yìnyín lọ fún àwọn apẹja wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ó ní, "Ráyìs! Òkun kọ́ lèyí o! Ọ̀nà kì í kún, kì í fà!"

Mitwálí ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ fún un le! Àbí ẹ rò pé ilé káfíńtà fẹ́ ṣí lọ sójú òkun lálẹ́ ni?"

"Badáwí, mo ní mo gbọ́."

Ó tún un ṣe. Ó sọ okùn náà di méjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi èèkàn irin kàn wọ́n mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ á rọra. Gbì táyà iwájú, gbì ti ẹ̀yìn, ó tán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ fún awakọ̀ láti Dùmíátì pé, "Ẹ gbé mi kalẹ̀ nídìí okùn." Gbogbo wọn ló mọ ibẹ̀.

Èèkàn yẹn ṣeé fà yọ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ìdí ni ẹrù ìyàwó. Bí ọmọbìnrin kan bá ń lọ sílé ọkọ, ẹrù rẹ̀ á kún ọkọ̀ bíi mélòó kan, wọ́n á to firíìjì sókè, wọ́n á to kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí àwo wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa fun fèrè, wọ́n á la àdúgbò kọjá kí gbogbo ayé lè rí i. Ìyá ìyàwó á ti wá bá Mitwálí lọ́jọ́ tó ṣáájú.

"Ráyìs, ọ̀la lẹrù ọmọ mi o. Gíláàsì wà níbẹ̀."

"Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì á wọ jàlàbíà tó mọ́, á fa èèkàn yọ, á gbé okùn lé èjìká, á dúró gbọn-in títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn á fi kọjá. Lẹ́yìn náà á tẹ́ ẹ padà. Kò sí ife kan tó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí mo bá rántí rẹ̀, bó ṣe máa ń dúró yẹn ni mo ń rí.

Inṣirá ló jẹ̀gbádùn okùn yẹn jù. Ó ń gbọ́ bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń gùn ún, ó sì mọ ẹni tó ń wà á. Awakọ̀ kankan kì í kọjá láìgba ìkíni, tàbí èébú.

"Badáwí, yìnyín rẹ ń yọ́! Sáré!"

"Ìyá Máhárúsì, okùn ọkọ yín ni ò jẹ́ n sáré!"

"Ọkọ mi ò sáré rí, ó sì ń dé ibi tó ń lọ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó ń lọ!"

"Ìwọ ni mo mọ ibi tó o ń lọ. Kí ìyàwó rẹ, àwọn méjèèjì!"

Ìyàwó kan ni Badáwí ní. Ojoojúmọ́ ni Inṣirá sì ń sọ ọ́.

Báyìí la ṣe wà títí wọ́n fi kọ́ ọjà ẹja tuntun sí ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ìjọba ìbílẹ̀ da ọ̀dà sójú ọ̀nà. Ọ̀dà náà dára, n kò ní purọ́. Ẹrọ̀fọ̀ ìgbà òtútù tán. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ fa okùn yọ, wọ́n ká a jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Mitwálí. Ológbò bímọ sínú rẹ̀.

Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, Wahíbù, ọmọ tó níwà ni. Ó kí Mitwálí dáadáa. Ó ní, "Bàbá, okùn kò bófin mu lórí ọ̀dà. Ẹ fọkàn balẹ̀, a ti dá eré wọn lẹ́kun." Ó nawọ́ sí pátákó kan tí wọ́n rì sí orígun. Ogún ni wọ́n kọ sí i, pé ọkọ̀ ò gbọdọ̀ sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa yí i ká. N kò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ogún.

Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dúró wò ó. Ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé dandan ni kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi sáré tó ogún? Nítorí ó ti dàgbà."

A rẹ́rìn-ín. Àwọn awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sáré lọ. Ọ̀nà ti dán, ọjà sì ń dúró dè wọ́n.

Inṣirá gbé àpótí rẹ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀dà gbẹ. Mo ń wò ó láti ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ̀ kan kọjá, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òmíràn kọjá, ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àpótí. Nígbà tí ẹ̀kẹta kọjá, ó dìde, ó gbé àpótí wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kó wọlé.

Kò jáde mọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Ìyàwó mi lọ bá a, ó ní, "Ìyá Máhárúsì, ẹ bọ́ síta, ọ̀sán ń lọ." Ó ní, "Atẹ́gùn ọkọ̀ wọn ń kan orúnkún mi." Ohùn rẹ̀ kúrò ní àdúgbò. Kò pẹ́, kò bèèrè oúnjẹ mọ́, àfi tí wọ́n bá gbé e lé e lọ́wọ́. Ẹni tó máa ń mọ̀ pé epo ìyàwó mi ti gbóná jù, ẹja jóná nílé wa lọ́jọ́ kan, kò sọ nǹkan kan.

Mitwálí rékọjá wá bá mi níbi tí mo ti ń fá pátákó. 

Ó ní, "Káfíńtà, ó ti ń sùn lọ́sàn-án."

Mo ní, "Àgbà ni."

Ó ní, "Kì í ṣe àgbà."

Ó lọ bá ẹnjiníà. Ẹnjiníà ní àwọn lè ṣe gegele tó ń dín eré ọkọ̀ kù sójú ọ̀nà, gegele tòótọ́, tí òfin mọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà ni ọ̀nà náà báyìí. Bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ àti àwọn tó ń wakọ̀ níbẹ̀ bá ń jà sí i, ọ́fíìsì á fi í sílẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan.

Ilé tíì Hínnáwí la ti pàdé. Ẹnjiníà wá, ó jókòó sí kọ̀rọ̀. Àwọn awakọ̀ ọjà kún ẹ̀gbẹ́ kan, àwa kún ẹ̀gbẹ́ kejì.

Hínnáwí ní, "Ẹni tó pè wá kó sọ̀rọ̀, kí tíì má bàa tutù."

Mitwálí dìde. Ó ní, "Mo fẹ́ gegele níwájú ilé mi." Ó jókòó.

A ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù.

Badáwí ní, "Ṣé ó parí? Ráyìs, ẹ ò tiẹ̀ ní bẹ̀ wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Badáwí bá dìde dúró. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Okùn yẹn jẹ yìnyín mi títí ó fi sú mi. Bí mo bá ti gùn ún, yìnyín á já bọ́. Bí mo bá dé èbúté, àwọn apẹja á ní ó dín, wọ́n á wò mí bí olè. Ọlọ́run ti wá fún wa ní ọ̀dà. Ẹ jẹ́ ká gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọkọ̀ gbá òun, kó jókòó sínú ilé."

Àwọn awakọ̀ ní òtítọ́ ni. Mitwálí ti ń dìde lọ bá a. Mo di jàlàbíà rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé bó bá gbá Badáwí létí, kò ní sí gegele mọ́, Inṣirá á sì kú sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Ariwo bá dúró lójijì. Inṣirá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé ìyàwó mi léjìká. Obìnrin kì í wọ ilé tíì Hínnáwí. Hínnáwí fúnra rẹ̀ pa rédíò.

Inṣirá ní, "Badáwí dà?"

"Èmi rè é, Ìyá Máhárúsì."

"Yìnyín tó ń já bọ́ nídìí okùn, níbo ló ń lọ?"

"Ó ń yọ́ ni, mà. Níbo ni ì bá tún lọ?"

"Kò yọ́. Ìyá rẹ ló ń ṣà á."

Badáwí ní, "Ìyá mi bíi ti báwo?" Ìyá rẹ̀, Hánẹ́mù, ti kú nígbà òtútù tó kọjá.

"Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé abọ́ jókòó sí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ lókè àdúgbò, màá ní, 'Hánẹ́mù, ọmọ rẹ ń bọ̀ o.' Á wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi. Ìwọ á gun okùn, wàá bú ọkọ mi, wàá lọ. Òun á jáde wá ṣà á. Sóbò tútù tó o máa ń mu tó o bá dé ilé, ta lo rò pé ó ń ra yìnyín rẹ̀?"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì gba gbogbo ilé. Àwọn awakọ̀ ọjà gan-an ń lu tábìlì.

Badáwí ní, "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ wá jọ ń jà mí lólè!"

"Olè kọ́. Owó oníbodè ni."

"Kí ló dé tí ò sọ fún mi?"

"Ó ní bó o bá mọ̀, wàá so yìnyín náà le."  Ó ní, "Ṣé kí n wọlé, Badáwí? Bó o bá ní kí n wọlé, màá wọlé."

Badáwí ti jókòó. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó tún nù ún. Ó ní, "Rárá o. Ẹ jókòó síta, Ìyá mi." Ó yíjú sí ẹnjiníà. "Ẹ̀yin náà, kí lẹ ń wò? Ẹ bá wọn ṣe é. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó ga jù."

Ẹnjiníà ní, "Kò ní ga."

Kò ga lóòótọ́. Wọ́n ṣe é fẹ̀, wọ́n rọra gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀, á máa rìn bí ẹni tó ń ti ìsìnkú bọ̀. Ìgbà yẹn ni ogún ara pátákó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe. Inṣirá gbé àpótí rẹ̀ jáde. Ìyàwó mi gbé ìrẹsì jáde. Ilẹ̀kùn bíi mélòó kan ṣí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹlòmíràn nínú àwọn tí a jọ ń mu tíì ti wà ní sàréè. Ṣùgbọ́n òjìji ṣì ń bo ọ̀nà lẹ́yìn Alásàrí bó ti ń ṣe.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan. Badáwí gun gegele kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì, ó dúró. A rí i tó fi ẹ̀yìn rìn padà wá, yìnyín sì ń kán tótó. Ó bọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Máhárúsì, kí ni mo ṣe?"

Inṣirá ní, "Ta nìyẹn?"

"Badáwí ni. Mo ti kọjá lánàá, mo kọjá níjẹta, ẹ ò bú mi. Ṣé torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé tíì lẹ ṣe ń bínú?"

Inṣirá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "N kò mọ̀ pé ìwọ ni. Ìkan tí wọ́n ṣe yìí kò lóhùn. Ọkọ̀ yòówù tó bá gùn ún, bákan náà ló ń rí létí mi. Mo kàn ń jókòó ni."

"N ó máa fun fèrè fún yín."

"Má fun fèrè. Gbogbo wọn ló ń fun fèrè."

Badáwí padà sínú ọkọ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Mitwálí wà lẹ́nu ọ̀nà, ìkòkò tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Káfíńtà, kan àpótí ìjókòó kan fún mi."

"Èyí tẹ́ ẹ ní ńkọ́?"

"Tirẹ̀ nìyẹn."

Mo kàn án. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Inṣirá. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sán, tó ń pe orúkọ ẹni tó bá kọjá fún un.

"Badáwí."

"Ó ru kí ni?"

"Yìnyín."

"Ó kún?"

"Ó kún."

"Badáwí, kí ìyàwó rẹ, àwọn méjèèjì!"

Bí Mitwálí bá ní orúkọ nìkan, kò tó Inṣirá. Á ní, ta ló jókòó tì í, kí ló wọ̀, ṣé ó ti rù sí i. Mitwálí á sọ ọ́. Ìyàwó mi ní láti ìgbà tí òun ti wà ládùúgbò yìí, òun ò gbọ́ kí Mitwálí sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀, tó ní aṣọ ẹnì kan funfun nígbà tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, a kì í tún un ṣe.

Àwa tí a jọ ń ta dómínò nílé tíì la pàdánù rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fi ojú omi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń wà títí di ìrun ìrọ̀lẹ́. Nísinsìnyí, kò dúró pẹ́ mọ́. Lánàá, ẹyọ kan péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, àwa yòókù ṣì kó dání. A wo ojú rẹ̀, a mọ̀ pé ó ti jẹ wá. Èmi ló kàn. Mo ń rò ó.

Mitwálí yí ojú sí ọ̀nà, síhà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀.

Hínnáwí ní, "Ráyìs, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ta tirẹ̀. Ẹ ti jẹ ẹ́ tán."

Mitwálí ní, "Ó ti ń gbé àpótí jáde."

Ó fi ẹyọ dómínò rẹ̀ lélẹ̀, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó dìde, ó sì lọ.